Ohun Tí Ọ̀gá Ní Lọ́kàn

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí mọ́ pé kí ló dé tí mi ò tíì padà sọ́dọ̀ ọkọ mi. Ó ti sú mi láti máa ṣàlàyé. Eré ọmọdé ló dá mi dúró, eré tí àwọn àgbàlagbà tó ń gbowó oṣù jókòó ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe.

Ọ́fíìsì omi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá dé ilé yín, èmi ni mò ń kọ bíìlì ẹ̀. Bí kò bá dé, èmi náà ni mò ń kọ ọ́. Ìlú mìíràn ni ọkọ mi ti ń ránṣọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ sì ni ọmọ wa wà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyàwó Télọ̀. Ọmọ yẹn ṣì ń rákò nígbà tí mo kọ̀wé sí Ọ̀gá pé kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní tiránsífà lọ sí ẹ̀ka tó wà lọ́dọ̀ wọn. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ìwé mi ò kúrò lórí tábìlì Ọ̀gá, òun ló ń gbé ife tíì lé. Kì í ṣe pé ó kórìíra mi o, ó ní òun ń rò ó ni.

Ọ̀gá yìí náà ló ní kí wọ́n ṣe pátákó kan fún wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa rí ìkéde níbẹ̀. Ká tó ṣẹ́jú, pátákó ìkéde ti di pápá eré. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, tá a bá ti jẹun tán, Ọ̀gá á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Mo ní nǹkan kan lọ́kàn.” Àwa tá a wà ní yàrá ńlá, tí ògiri kan ṣoṣo pín àwa àti òun níyà, a ó máa tẹ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i. Ẹnì kan, ìbéèrè kan. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá ló máa fi dáhùn, gbogbo wa á sì jọ rí i. Ẹni tó bá rò pé òun ti mọ nǹkan náà, kó kọ ọ́ síbẹ̀.

Àmọ́ eré ọ̀gá kì í ṣe eré. Akápò wa gbàgbé èyí lọ́jọ́ kan, ó mọ̀ ọ́n wéré, kí Ọ̀gá tó gbádùn ara ẹ̀. Nígbà tó fi máa dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ti gbé tábìlì ẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọ́n ní atẹ́gùn máa ń fẹ́ dáadáa níbẹ̀. Látìgbà yẹn la ti gbọ́n. A ó mọ̀ ọ́n, a ó sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, títí á fi rẹ Ọ̀gá, kí ẹnì kan tó wá ṣèèṣì mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ló sábà máa ń ṣèèṣì. Igbákejì Ọ̀gá ni, bí Ọ̀gá bá sín, òun ló máa nu imú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, ohun tí Ọ̀gá kọ yàtọ̀. Ó ní, “Mo ní nǹkan kan lọ́kàn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó wá tọrọ ohun kan lọ́wọ́ mi, màá ṣe é fún un.” Gbogbo yàrá yíjú sí mi. Ìyá Táípíìsì, tó dàgbà jù nínú wa, ní, “Ìyàwó Télọ̀, tìẹ lèyí. A ò ní bá ẹ dù ú.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo tiẹ̀ ti ń di ẹrù lọ́kàn mi.

Ìyá Táípíìsì ló kọ́kọ́ béèrè: ṣé ó ní ẹ̀mí? Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni. Akápò tẹ tiẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ọ̀gá ní rárá, kò ṣiṣẹ́ rí. Ọlọ́dẹ ẹnu géètì béèrè bóyá ó ń jẹun dáadáa. Ọ̀gá ní bẹ́ẹ̀ ni, tiẹ̀ àti ti ẹlòmíì. Ó wá kan dírẹ́bà, ẹni tó ń gbé Ọ̀gá lọ tó ń gbé e bọ̀, ó ní, “Ṣé ó máa ń sùn lọ́sàn-án?” Ìdáhùn dé: “Bẹ́ẹ̀ ni. Oorun ọ̀sán ló mọ̀ jù.”

Ìyá Táípíìsì fọwọ́ bo ẹnu. Akápò yọjú láti ibùjókòó ẹ̀, ó wo ògiri Ọ̀gá, ó wò mí, ó tún wo ògiri. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ jáde, àmọ́ ẹnì kan náà ni gbogbo wa ń rò, ẹni náà sì wà lẹ́yìn ògiri.

Ọkàn mi kọ̀ ọ́. Mo ní kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ta ló máa fira ẹ̀ ṣe irú eré yìí? Mo wá ronú ìbéèrè kan tó máa yọ Ọ̀gá kúrò nínú ẹ̀ pátápátá, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò ní dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí nípa ara ẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́: “Tó bá jáde, ṣé inú àwọn tó kù nílé máa ń dùn?”

Ọ̀gá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni! Inú wọn á dùn, wọ́n á máa ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ìbéèrè yìí dára gan-an.”

Ọlọ́dẹ ní òun ń lọ wo géètì. Dírẹ́bà ní mọ́tò ń fẹ́ omi. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ní tiẹ̀ ti ń làágùn, ni ó bá sáré kọ ọ́ pé, “Kìnnìún ni, sà. Bíi tiyín.” Ọ̀gá ní rárá. Ó ní ta ló tún mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Èmi tí gbogbo ayé mi wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo gbé ìka lé kọ̀ǹpútà, mò ń wá ẹ̀dá mìíràn tó ń jẹ, tó ń sùn, tí kì í ṣiṣẹ́. Mo wá a títí. Ojú Ọ̀gá nìkan ni mò ń rí, ta ló sì fẹ́ gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti akápò?

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, Ọ̀gá kọ ìdáhùn. “Ológbò ni. Ẹ̀yin àgbàlagbà gbogbo yìí, ẹ ò mọ ológbò? Àbí ẹ ò gbọ́ pé bí ológbò bá kúrò nílé, ilé á di ilé èkúté? Kí lẹ wá rò pé ó jẹ́?”

Kálukú ń wá irọ́ tó máa pa. A wá a pẹ́ débi tí Ọ̀gá fi ní àyè láti padà ka gbogbo ìbéèrè wa àti gbogbo ìdáhùn ẹ̀ láti òkè délẹ̀. A gbọ́ tí àga ẹ̀ dún. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ó ní, “Ìyàwó Télọ̀, wá.”

Nígbà tí mo wọlé, kò ní kí n jókòó. Ó ní, “Ìbéèrè tìẹ yìí. Ta lo ní lọ́kàn?”

Mo ti fẹ́ sọ pé kìnnìún. Ojú mi wá bọ́ sórí ìwé mi lábẹ́ ife tíì, tíì ti ya òbìrìkìtì sórí orúkọ mi. Inú bí mi, inú bí mi gan-an ni. Ológbò lásán-làsàn! Ológbò ló gba ilé ọkọ mi mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé ìbẹ̀rù ọkùnrin yìí ti gba gbogbo orí mi. Mo ní, “Ẹ̀yin ni, sà.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Ẹ̀yin náà ni, sà. Gbogbo wa.”

“Igbákejì mi náà?”

“Òun ló kọ́kọ́ làágùn, sà.”

Ọ̀gá jókòó. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó ní látìgbà tóun ti dépò, kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ kan fóun rí, àní ìyàwó òun ò sọ ọ́. Omijé lé ròrò sójú ẹ̀. Ó gbé ife tíì kúrò, ó mú ìwé mi, ó fi ọwọ́ nù ún. Ó ka ìwé náà tán pátá, ó sì mú kálámù. Ọkàn mi ti wọkọ̀ lọ sílé.

Ó ní, “Irú ẹ kọ́ ló yẹ kí n jẹ́ kó lọ.” Ó kọ “rárá” sórí ìwé náà, ó sì fi í sínú dúrọ́ọ̀.

Kó tó di ọjọ́ Ẹtì mìíràn, wọ́n ti gbé mi sí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiẹ̀, wọ́n ní mo ti di olùdámọ̀ràn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kí mi kú oríire. Tí mo bá wá wọ yàrá ńlá, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á ní, “Ẹ káàsán, mà.” Wọ́n ní òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ò kùtà o, wọ́n rà á, wọ́n sì tì í mọ́lé.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ńkọ́? Ọ̀gá ní òun ò fẹ́ rí ìpọ́nni lójú òun mọ́. Ó wá ẹ̀ka tó jìnnà jù, ó gbé e síbẹ̀. Ìlú ọkọ mi ni. Kò tíì pẹ́ níbẹ̀ tó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù, òun àti ọmọ mi, ọmọ náà jókòó lórí itan ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀. Ó kọ ọ́ sí i pé: “Ìyàwó wa, ọkọ yín bá mi rán ṣòkòtò, ó dára púpọ̀. Ọmọ yín ní kí n kí yín. Ó ní ẹ̀yin ni màmá tó ń gbé inú fóònù.”

Mo sunkún ọjọ́ yẹn títí ojú mi fi wú. Nígbà tí mo nu ojú tán, orí mi wá pé. Àṣé apọ́nni ni wọ́n ń gbé lọ síbi tí mo fẹ́ lọ. Kí ni mo tún ń sọ òótọ́ ṣe?

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gá pè mí sí yàrá ẹ̀. Ó ti ra táì tuntun kan, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ẹja aláwọ̀ osàn káàkiri ara ẹ̀. Ó ní kí n wò ó, kí n sọ bó ṣe rí.

Mo ní, “Sà, táì yìí wuyì ju gbogbo táì tí mo ti rí láyé lọ. Ẹ rí bí ọmọdé. Bí ọba bá rí yín, á dìde fún yín.”

Ọ̀gá yíjú sí dígí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fọwọ́ pa táì náà lára. Ó ní, “Ká ní ẹlòmíì ló sọ ọ́ ni, mi ò ní gbà á gbọ́.”