Ègbè Tí A Kò Gbè

Ṣadé, ìyàwó Kúnlé, ló kọ́kọ́ sọ fún mi lánàá pé ọkọ òun, tó ń lé orin nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa, máa gbé àwo tirẹ̀ nìkan jáde lọ́sàn-án òní. Mo ṣàdúrà fún un, mo lọ sùn. Rájí, ìwọ tá a jọ jẹ́ elégbè rẹ̀, gbọ́ àlá tí mo lá.

Kúnlé wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, èmi àtìwọ dúró sẹ́yìn gíláàsì. Ó lé orin, ègbè sì dáhùn. Ohùn tèmi àti tìrẹ gan-an ni, bẹ́ẹ̀ àwa méjèèjì panu mọ́. Bí ègbè ṣe ń dáhùn ni ẹsẹ̀ Kúnlé ń rì sínú kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni tó dúró nínú ẹrẹ̀. Nígbà tó rì dé àyà, ó wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbè é mọ́."

"Kúnlé, mi ò lanu."

"Irọ́ yín ti pọ̀ jù," ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún lé orin mìíràn.

Mo jí, ọ̀fun mi gbẹ bí ẹni tó kọrin mọ́jú. Bí mo bá kìlọ̀ fún un, ìlara ni yóò pè é. Rájí, bó bá jẹ́ ìwọ, ṣé wàá sọ fún un kí ọ̀sán tó pọ́n?