Nígbà tí Juliana Ní "Ayaw"

Jesse àbúrò mi gbé báàgì kan ṣoṣo lọ sójú òkun, ó sì mú ìyàwó bọ̀. Kò yà mí lẹ́nu. Láti kékeré, tí wọ́n bá rán Jesse ní iyọ̀, ṣúgà ni yóò rà bọ̀. Cebu, ìlú èbúté kan lọ́nà jíjìn, ló ti pàdé rẹ̀, níbi tí ọkọ̀ wọn ti ń gba àtúnṣe. Juliana lorúkọ rẹ̀, Visaya sì ló pe èdè rẹ̀. Ní ọdún 2005, Jesse fi í sílẹ̀ fún èmi àti Màmá nílé wa ní 23 Road, Festac, pẹ̀lú oyún nínú, ló bá tún bọ́ sórí omi. Bí wọ́n bá ti dé àárín òkun, fóònù rẹ̀ kì í lọ mọ́.

Juliana níwà, ẹnu mi ò sì rọrùn láti fi yin èèyàn. "Ate" ló ń pè mí. Màmá ní kí ló dé tó fi ń pe ọmọ òun ní àtẹ, ṣé ata ni wọ́n fẹ́ tò sí i lórí ni? Àṣé ẹ̀gbọ́n obìnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Látọjọ́ tí Màmá ti gbọ́ ìyẹn ló ti ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn ní ọjà Agboju, níbi tó ti ń ta mílíìkì àti ṣúgà.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì Juliana ò tó nǹkan. Ilé ìdáná la ti ń kọ́ èdè ara wa. Tó bá ń ha inú àgbọn, á ní "kagod". Mo bi í pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀? "Scrape." Tó bá ń họ ìpẹ́ ẹja, tàbí tó ń ha ìdí ìkòkò tó jóná, ó di "kiskis". Kí ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀? "Scrape." Kéèyàn fi òkúta ra ìdọ̀tí ara kúrò ní bálùwẹ̀, "lugod" ni, "rub" sì ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Kéèyàn fi òróró pa ikùn, "haplas" ni, "rub" náà ni. Kí wọ́n wọ́ aláboyún lẹ́yìn, "hilot" ni, "rub" náà tún ni. Inú bí mi sí Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ na ọmọ nílé ìwé, ọ̀rọ̀ méjì péré ló rí fún gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ yẹn! Àwa ń họ, à ń ha, à ń fá, à ń rin, à ń gbo, à ń pa, à ń wọ́. Juliana náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ibi tá a ti lè pàdé kò ju "rub" àti "scrape" lọ. Lọ́jọ́ tí Màmá kọ́kọ́ gbọ́ "rub", ó sáré mú róòbù, ìpara tó máa ń ta ni lára yẹn, wá, ó fi kun ikùn ọmọ ọlọ́mọ, ó sì ta á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ Ajé kan, mo ń fi ọ̀bẹ yọ àgbọn nínú èèpo rẹ̀. Mo kọjú ọ̀bẹ sí àtàǹpàkò ara mi, bí mo ṣe máa ń ṣe. Juliana rí i, ó ké: "Ayaw! Ayaw, Ate!" Ohun tí èmi gbọ́ ni "ó yá o". Mo ní ọmọ yìí mà ti dọmọ Èkó, ó ti gbọ́ "ó yá, ó yá" lẹ́nu àwọn kọ̀ńdọ́ ní Mile 2. Mo yára sí i. Ó tún ké, èmi náà tún yára. Ọ̀bẹ yọ̀, ó wọ àtàǹpàkò mi, ẹ̀jẹ̀ sì dà sínú àgbọn. Mo bá a wí pé ṣebí òun náà ló ní kí n yára! Ó ń mi orí, ó ń fi aṣọ di ọwọ́ mi, ó ń sọ èdè rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lẹ̀jẹ̀ yọ lára rẹ̀. Àárọ̀ ni. Mo bá a lẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀, ó di ògiri mú, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn bọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Oyún kan ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ní Cebu kó tó wá, Jesse ló sọ fún mi kó tó lọ, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi tọ́jú èyí o." Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi nínú takisí títí a fi dé ilé ìwòsàn kan ní Amuwo. Mo pe Jesse títí, kò lọ. Màmá bá wa níbẹ̀ láti Agboju, gèlè lọ́wọ́.

Dókítà náà ò dàgbà, ó sì ń kánjú. Ó tẹ ikùn rẹ̀, ó fi irinṣẹ́ rẹ̀ gbọ́ ọ, kò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìyẹnúwò wọn ò ṣiṣẹ́, nítorí kò síná, jẹnẹrétọ̀ sì ti bàjẹ́.

"Oyún náà ti bàjẹ́," ó sọ fún Màmá. "Ẹ̀jẹ̀ yìí ti pọ̀ jù. Ká tètè fọ inú rẹ̀." Ó wá yíjú sí Juliana. "Madam, we have to scrape the womb."

Ìrora ti lé ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì Juliana lọ, ṣùgbọ́n "scrape" ṣẹ́kù. Àgbọn, ẹja, ìdí ìkòkò. Mo rí i tí ojú rẹ̀ là.

"Ayaw!" ó ké. "Ayaw ko raspaha! Ayaw!"

Màmá bú sẹ́kún. "Ẹ ò gbọ́? Òun náà ti gbà. Ó ní ó yá, kó o... kó o ráspà, àbí kí ló pè é. Dókítà, ẹ bá wa ṣe é, ká má pàdánù ìyá pẹ̀lú."

Dókítà wò mí. "Ṣé ẹ gbọ́ èdè rẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀," mo ní.

"Ṣé ó gbà?"

Èmi náà sáà gbọ́ "ó yá". Ó ń mi orí lóòótọ́, àmọ́ bẹ́ẹ̀ lẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ṣe ń mi orí. Nọ́ọ̀sì ti gbé àwo irin dé, àwọn irinṣẹ́ inú rẹ̀ ń dún. Dókítà ń wọ ìbọ̀wọ́. "Ayaw, Ate! Ayaw!" Juliana na ọwọ́, ó gbá tèmi mú, ó fún un. Ọgbẹ́ àtàǹpàkò mi ló fún mọ́. Ìrora yẹn wọ̀ mí dé ọpọlọ.

Bí mo ṣe rántí ọ̀bẹ nìyẹn. Ó ní "ayaw", mo yára. Mo yára tán, ó tún ké ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá ní kí n yára, tí mo sì yára, kí ló tún ń ké sí?

"Ẹ dúró!"

Mo mú sísọ́ọ̀sì nínú àwo náà, mo kọjú ẹnu rẹ̀ sí àtàǹpàkò mi kejì, mo wo Juliana. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára rẹ̀, ó fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Ayaw," ó ní, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Kò ní ó yá o! Ó ní ẹ má ṣe é ni! Dókítà, ó ní ẹ má ṣe é!"

"Láídé, ṣé o fẹ́ kó kú mọ́ wa lọ́wọ́ ni?" Màmá bú mọ́ mi.

Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Tó bá jẹ́ pé mo ṣì í gbọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì gbé e lọ, èmi ni mo pa ìyàwó Jesse. Síbẹ̀, mi ò kúrò láàárín bẹ́ẹ̀dì àti dókítà. Mo ní kí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò ná níbòmíràn. Dókítà pòṣé, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́. Ilé ìyẹnúwò kan wà ní òdìkejì títì tí jẹnẹrétọ̀ tiwọn ń dún. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn la fi tì í kọjá, nọ́ọ̀sì gbé omi tí wọ́n fà sí i lára sókè, Màmá ń tẹ̀ lé wa, ó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù.

Ọkùnrin tó ń lo ẹ̀rọ náà fi nǹkan tútù pa ikùn rẹ̀. Ó ń ti ẹ̀rọ lọ, ó ń tì í bọ̀. Mi ò lè wo ojú ẹ̀rọ, ojú ọkùnrin náà ni mò ń wò. Juliana kò wo ìkankan nínú méjèèjì, èmi ló tẹjú mọ́.

"Ẹ wò ó," ọkùnrin náà ní. "Ọkàn rẹ̀ ń lù."

Ohun kékeré kan ló ń ṣẹ́jú níbẹ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú gbogbo eruku ibẹ̀. Mi ò ní ọ̀rọ̀ Visaya kankan tí mo lè fi sọ ọ́ fún Juliana. Ẹkún ni mò ń sun, mo sì ń rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì mọ̀.

Wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ títí oyún náà á fi dúró dáadáa. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé "ẹ má ha inú mi" ni "ayaw ko raspaha". Látìgbà náà Màmá ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ "ó yá" nílé wa. Tí oúnjẹ bá jinná, á ní ká máa bọ̀.

Nígbà tí ìrọbí dé, ilé ìwòsàn mìíràn la gbé e lọ, èmi àti Màmá sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì. Juliana ń rọbí, ó ń kérora. Nọ́ọ̀sì àgbà kan pariwo: "Ó yá, madam! Ó yá, ó yá!"

Gbogbo nǹkan dákẹ́.

"Kí ló ń ṣe obìnrin yìí?" nọ́ọ̀sì náà ní. "Orí ọmọ ti yọ, ó wá dáwọ́ dúró!"

Màmá fa kọ́tìnnì ya, gèlè rẹ̀ já bọ́. "Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ má sọ 'ó yá' fún un! Lédè tiwọn, ẹ ń ní kó má bí i nìyẹn!"