Ìgò Tí Ó Tutù

Kí ó tó bọ́ báàgì léjìká ni ó ti na ọwọ́ mú ìgò náà. Ìgò ti tutù.

Ní agogo méjì ọ̀sán àná ni wọ́n ti oògùn tí yóò yọ ẹfun inú páìpù sọ̀kalẹ̀ sínú kànga epo keje, tí wọ́n sì ti fáàfù pa fún odindi ọjọ́ kan. Nínú oògùn yẹn kan náà ni ó bù sínú ìgò, ó sọ èépá òkúta kan láti ara páìpù, tó tó àtàǹpàkò, sí i, ó sì gbé e sórí híítà kékeré nínú ọ́fíìsì, kí ó lè máa gbóná bí ìsàlẹ̀ kànga ṣe gbóná. "Bí ìgò bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni kànga ṣe rí." Ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi sọ ọ́ fún ọ̀gá. Àǹtí Tẹmómítà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí tẹmómítà tí kì í kúrò lápò rẹ̀.

Òkúta náà ṣì wà nísàlẹ̀ ìgò, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Ọ̀gá ti dé ṣáájú rẹ̀, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí tíì rẹ̀. "Mo ti wo ìgò ẹ. Òkúta ọ̀hún ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń bá òun jà."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Mo ti pe àwọn ọlọ́kọ̀ ásíìdì. Wọ́n á dé ní agogo méjìlá."

Páìpù kànga keje ti gbó. Ohun tó dí i kò wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan: omi abẹ́ ilẹ̀ ni ó ń gbé ẹfun bọ̀, tó ń fi í lẹ̀ mọ́ ara irin, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, títí ihò tí apá ènìyàn ń wọ̀ fi di ihò tí ìka kan kò lè wọ̀. Ásíìdì líle ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá kọ́kọ́ kàn ni ó ń jẹ, bí kò bá sì rí èépá mọ́, irin ló kàn. Bàbá Àǹtí Tẹmómítà fi ọgbọ̀n ọdún da ásíìdì sí kànga. Ó máa ń sọ pé ọwọ́ òun yìí ló pa mẹ́ta nínú àwọn kànga náà. Bí páìpù yìí bá dá ihò, sìmẹ́ǹtì ni wọn yóò fi dí kànga keje, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbà á láyè láti dán ẹ́ńsáìmù, ìyẹn oògùn inú ìgò yẹn, wò.

Inú ìwé àlòkù ni ó ti kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́, ó sì mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, wáyà ni à á kọ́kọ́ tọ̀. Ó fi ìka tọ wáyà híítà, ó gba ẹsẹ̀ tábìlì, ó gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó dé ògiri. Pọ́lọ́ọ̀gì híítà wà nílẹ̀. Ti kẹ́tùlù ni ó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ọ̀gá, ta ló yọ híítà?"

Ọ̀gá wo tíì ọwọ́ rẹ̀. "Mo kàn se omi díẹ̀ lánàá, kí n tó máa lọ sílé."

"Lánàá!"

Ọkùnrin tó ń wa ẹ̀rọ pọ́ǹpù, tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbà mí o! Tíì fẹ́ pa kànga!"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún jàre," ni ọ̀gá wí.

Àǹtí Tẹmómítà ṣí kẹ́tùlù, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀. Inú rẹ̀ funfun, ó rí gbágungbàgun. "Ohun tó wà nínú kànga rèé, ọ̀gá. Ẹ ti ń mu ún látọjọ́ yìí."

Ọ̀gá rọra gbé ife sílẹ̀.

"Ẹ́ńsáìmù kì í ṣe ásíìdì, ọ̀gá. Ọ̀bẹ ni. Ó ń gé oògùn kejì tí a pò mọ́ ọn wẹ́wẹ́, ibi tó bá sì ti gé e ni ásíìdì ti ń jáde, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, káàkiri gbogbo páìpù. Bó bá gbóná níwọ̀n, á máa gé e. Bó bá tutù, oorun ni. Ìsàlẹ̀ kànga ò tutù, ẹnì kankan ò se tíì níbẹ̀."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé oorun ni, pé kò tíì kú?"

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Ó ki híítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí ìgò ká. Tẹmómítà ń gòkè. Nígbà tó yá, ẹyọ afẹ́fẹ́ kan, tí kò tó orí abẹ́rẹ́, já kúrò lára òkúta, ó gba òkè lọ. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kí wákàtí tó pé, òkúta náà ti ń hó wùyẹ̀wùyẹ̀.

Ọ̀gá fa fóònù yọ. "Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ásíìdì, ẹ padà. Rárá, kò sí wàhálà. Àwa fúnra wa la jẹ́ kí oògùn sùn, ó ti jí báyìí."

Ní agogo méjì géérégé, Àǹtí Tẹmómítà ṣí fáàfù kànga. Páìpù wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, omi funfun bíi mílíìkì sì tú jáde. Ó bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka ra á: ẹfun lásán, kò sí ìpẹtà pupa kankan. Irin ṣì wà lálàáfíà. Abẹ́rẹ́ géèjì, aago tó ń wọn agbára epo, gbọ̀n, ó dúró, ó tún gbọ̀n, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ó kọjá ibi tó ti ń sùn láti ọdún méjì. Epo dúdú tẹ̀ lé omi, ó ń dán.

Nígbà tó padà sí ọ́fíìsì láti mú báàgì, ó rí i pé ọ̀gá ti kọ kànga kẹsàn-án àti ìkọkànlá sára pátákó, ó kọ "Àǹtí Tẹmómítà" síwájú wọn. Kẹ́tùlù ti kó lọ sí kọ̀rídọ̀. Lókè sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà gadagba, ó sì mọ̀ pé ìkọ̀wé ọ̀gá ni: *Ẹ má yọ ọ́. Ó ń ṣiṣẹ́.*

Òkúta inú ìgò kò ju hóró ẹ̀wà lọ mọ́. Ó gbé ọwọ́ lé ìgò náà, ó sì fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbóná.