Ariwo Ẹ̀rọ Balùwẹ̀

"Ẹ ṣí i díẹ̀, Àǹtí," ni Abdulsobur wí, púlọ́ńbà tó gun ọ̀kadà wá láti Ilé-Ogbó.

Faridah yí orí ẹ̀rọ omi balùwẹ̀. Ẹ̀rọ figbe bọnu bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀, páìpù ara ògiri sì ń gbọ̀n. Ó yára tì í pa.

Iléèwé ti fẹ́ wọlé ní Ìwó, aṣọ àwọn ọmọ iléèwé tí Faridah ń rán ò sì jẹ́ kó sinmi. Igbe yìí ló máa ń jí i nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń ṣe àlùwàlá àsùbáà. Láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ṣe bí ẹ̀rọ ti ronú pìwà dà, ó sì sùn dáadáa. Àfi àná tí ìyá ṣubú lẹ́yìnkùlé kílẹ̀ tó mọ́, tí ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ní adìyẹ làwọn lọ wò. Nígbà tí Faridah fẹ́ bu omi fọ ẹsẹ̀ náà, ẹ̀rọ tún ké. Ló bá ránṣẹ́ pe púlọ́ńbà.

Abdulsobur lọ ti omi pa lẹ́yìnkùlé. Ó mú búta àlùwàlá kan bọ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi ni mo ti rí i."

Faridah gbà á, ó wọ yàrá lọ bá ìyá rẹ̀.

"Ìyá mi, ṣé búta lẹ fi ń wo adìyẹ ni?"

Ìyá ń yí tẹsùbáà lọ́wọ́. "O ní ẹ̀rọ yẹn ò ní jẹ́ kó o sùn nílé yìí. Mo gbọ́ ọ. Mo ní kí n jẹ́ kó o sùn díẹ̀."

Faridah ò tiẹ̀ rántí ọjọ́ tó sọ ọ́. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ojú tì í, ó sì rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè sunkún.

"Ẹ̀rọ ni mò ń bá wí, Ìyá mi."

"Mo mọ̀."

Abdulsobur ké pè é láti balùwẹ̀. Ó fi rọ́bà kékeré kan tó ti jẹ hàn án. "Òun ló ń gbọ̀n nínú ẹ̀rọ tó ń pariwo. Mo ti fi tuntun sí i." Ó ṣí ẹ̀rọ. Omi ń dà wọ́ọ́rọ́wọ́. "Kò ní jí yín mọ́."

Faridah dúpẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ ò dùn tó bó ṣe rò. Kí ni yóò wá sọ fún un pé ìyá ti dìde?

Abdulsobur ṣì ń kó sípánà rẹ̀ jọ nígbà tí Faridah wọ́ fóòmù rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá, tó tẹ́ ẹ dí i.

"Kí lo fẹ́ máa sùn síbẹ̀ fún?" ni ìyá bi í.

"Ẹ ò sáà ní gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí mi, Ìyá mi. Ẹ ó kọ́kọ́ jí mi ni."