Mọ́tò Tó Ń Yó ní Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ni bàbá náà fi wa tírélà kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé mọ́tò oníná tuntun wálé, bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ṣé fóònù lo rà ni àbí ọkọ̀?"

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin pè láti ìlú tó jìnnà pé òun ti tún ń rìn látìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ orúnkún fóun. Inú bàbá dùn débi pé kò lè jókòó mọ́. Nọ́ọ̀sì ní òun á gbé e lọ.

"Irínwó kìlómítà ni o," ni bàbá wí.

"Tí mo bá ti ṣáàjì ẹ̀ kún, á lọ òjìlénírinwó. Ó wà nínú ìwé ẹ̀."

"Ìwé ò wa mọ́tò rí."

Wọ́n gbéra láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì ń sáré bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ yìì. Nígbà tí wọ́n lọ igba kìlómítà, ọkọ̀ ní ọgọ́jọ péré ló kù fóun. Nọ́ọ̀sì ní kò séwu, ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì wà níwájú. Wọ́n débẹ̀, wọ́n bá bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ náà: Ó TI BÀJẸ́. Kò sì sí òmíràn lójú ọ̀nà.

"Bàbá, a ti há."

"Bọ́ sílẹ̀. Mú kọ́kọ́rọ́ wá."

"Kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ ṣáà jókòó."

Bàbá gba ìjókòó awakọ̀, ó pa amúlétutù, ó ṣí fèrèsé díẹ̀, ó wá ń fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ bí ẹni tó ń tẹ ẹyin. Eré rẹ̀ kò kọjá àádọ́rin. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ó ń juwọ́ sí wọn tẹ̀ríntẹ̀rín. "Ẹní bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà á rí ìfun inú ẹ̀," ló ń wí.

Wọ́n gun òkè kan, iye kìlómítà tó kù já wálẹ̀ di ọgọ́ta. Àmọ́ bí bàbá ṣe yé fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nọ́ńbà náà di mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ó di mẹ́rìndínláàádọ́rin.

"Ó ń pọ̀ sí i! Ó ń pọ̀ sí i kẹ̀!" ni bàbá kígbe.

"Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń ṣáàjì ara ẹ̀, Bàbá."

"Àṣé! Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ òkè, kò sí èyí tó fún mi ní ẹ̀kán epo kan!" Ló bá bú sórin. Láti ìgbà náà, òkè ló ń wá kiri.

Kìlómítà mọ́kànlá ló kù nígbà tí wọ́n wọ àdúgbò ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá àgbà náà ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò mú ọ̀pá dání. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rìn títí dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, ó tẹjú mọ́ àbúrò rẹ̀.

"Láti àárọ̀! Ká ní mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa pẹ́ tó ni, ǹ bá ti fẹsẹ̀ rìn wá pàdé yín."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jáde, ó gbá a mọ́ra, wọ́n sì jọ rọra ń gun àtẹ̀gùn lọ, nọ́ọ̀sì ń wọ́ wáyà ṣáàjì tẹ̀lé wọn, ó ń bèèrè ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì wà.