Ibojì Iwájú Ilé

Ihò tí Odùbánjọ ń gbẹ́ síwájú ilé rẹ̀ kò tíì jìn dé ìbàdí tí omi fi sun. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ Ajah rí: bí o bá gbẹ́ ẹ díẹ̀, ọ̀sà á yọjú wá bi ọ́ léèrè ohun tí ò ń wá.  Odùbánjọ fi garawa gbọ́n omi náà dànù, ó sì tún ti ṣọ́bìrì bọ yanrìn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbẹ́ ẹ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ alájà kan, Taofeek ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹní nínú aṣọ funfun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Lánàá ni dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré, ilé kejì tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ ní Ṣàńgòtẹ́dó já lé e lórí. Èèyàn mẹ́jọ ló fi òòlù fọ́ kọnkéré kí wọ́n tó rí i fà yọ. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde.

"Bàbá Taofeek," ni Fàúsátù wí láti ẹ̀gbẹ́ òkú. Àbúrò olóògbé ìyàwó Odùbánjọ ni. "Ibojì ìyá ọmọ yìí wà ní Bádóre, ààyè sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fi ń gbẹ́ iwájú ilé tí àwọn ayálégbé ń gbà kọjá? Òkú ọ̀fọ̀ sì ni. Bàbá kì í gbẹ́ ilẹ̀ ọmọ."

"Ilé mi ni."

"Mi ò ní kì í ṣe ilé yín."

"Ó tó, Fàúsátù."

Odùbánjọ mọ̀ pé òun kò dáhùn ìbéèrè náà.

Ọdún tó kọjá ni Bùsàrí, tó máa ń yá àwọn onílé kéékèèké lówó, kó mílíọ̀nù náírà méjìdínlógún fún un kó fi kọ́ ilé kejì. Ìwé ilé Ajah yìí, tó ní fúláàtì mẹ́rin, ni Odùbánjọ fi dógò. Èlé ń gun owó náà lóṣooṣù, ilé tí kò sì ní òrùlé kì í mú owó ayálégbé wá. Nítorí náà, nígbà tí dẹ́kìn pé ọjọ́ mẹ́sàn-án, Odùbánjọ ní kí wọ́n yọ àwọn ọ̀parun tó gbé e dúró. Taofeek ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Ó dá a lóhùn pé, "Ṣé ìwọ lò ń san èlé ni?"  Taofeek kò rán bíríkìlà kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ abẹ́ dẹ́kìn lọ yọ ọ̀parun àkọ́kọ́ lánàá.

Ìlà kan wà nínú ìwé àdéhùn tí Odùbánjọ fi ṣe ẹ̀rín lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sin òkú sórí ilẹ̀ náà títí gbèsè náà yóò fi tán. "Bùsàrí, àbí o fẹ́ kí n kú ni?" Bùsàrí náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ní ń ra ilé tó ní ibojì? Àwọn ará Lẹ́kkí Phase 1 tó ń wá ilé rà, ṣé orí òkú olókùú ni wọ́n fẹ́ máa páàkì sí?"

Ọkọ̀ Bùsàrí ya wọlé bí oòrùn ṣe ń le. Ọkùnrin mẹ́ta bá a sọ̀ kalẹ̀, àdá lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run ò ní fi irú ẹ̀ dán yín wò mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ṣọ́bìrì yẹn sílẹ̀."

"Tí mo bá sin ọmọ mi tán, màá dá ẹ lóhùn."

"A jọ tọwọ́ bọ̀wé ni o."

"Lọ gbé ìwé náà wá kí n fi nu ẹsẹ̀."

Rasheed, ẹni tí ọrùn rẹ̀ ki nínú àwọn mẹ́ta náà, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá àgbà, ẹ jáde níbẹ̀, kó má di pé èèyàn méjì là ń sin."

"Ìyá ẹ ni wọ́n á sin!" Àṣírù, ọkọ Fàúsátù, apẹja tí kì í sábà sọ̀rọ̀, ti dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bùsàrí kò wò ó. Ojú Odùbánjọ ló ń wò, ó sì gbé ọ̀wọ̀ sílẹ̀. "Odùbánjọ, mo mọ ohun tí ò ń ṣe. O fẹ́ fi òkú ọmọ ẹ ti géètì mọ́ mi. Tó bá ti wọlẹ̀ síbí, ilé ò ṣe é tà mọ́, owó mi wọgbó nìyẹn. Bàbá wo ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ọmọ?"

Ó ṣẹ́jú sí Rasheed. Rasheed gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí òkú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti fa etí ẹní.

Kò sẹ́ni tó lè sọ bí àgbàlagbà náà ṣe jáde nínú ihò. Ẹnu ṣọ́bìrì ló balẹ̀ sí àárín ọrùn àti èjìká Rasheed, eegun rẹ̀ sì dún bí ọ̀parun tó ṣẹ́. Ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Taofeek, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ta sára aṣọ funfun. Ọkùnrin kejì ju àdá sí orí Odùbánjọ, Àṣírù na ọwọ́ gbà á. Ìka méjì bọ́ sínú yanrìn. Àṣírù wò wọ́n bí ẹni ń wo nǹkan oníǹkan, lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tó kù fún ọkùnrin náà lọ́rùn, Fàúsátù sì la búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn lórúnkún títí tó fi wó. Ẹ̀kẹta sá padà sínú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

Bùsàrí fẹ́ sá. Ìdí ṣọ́bìrì bá a lẹ́nu, eyín fò jáde, ó sì ṣubú sẹ́yìn sínú ihò náà. Odùbánjọ bẹ́ lé e. Ó fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà, ó fi igi ṣọ́bìrì dábùú ọ̀fun rẹ̀. Omi bo etí Bùsàrí. Omi náà pọ́n.

"Daddy! Ẹ̀ ń pa á o!" Hameedah, ayálégbé òkè, ló ń pariwo láti báńkónì. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́!"

Odùbánjọ gbọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i.

Bùsàrí fi tipátipá gbé ẹnu kúrò nínú omi. "Búra," ó wí. "Fi Taofeek búra pé irọ́ ni mo pa."

Odùbánjọ la ẹnu láti búra.

Ní ọsibítù lánàá, bí dókítà ṣe ń fa aṣọ bo ojú Taofeek, kí omijé tó dé, èrò kan ti ṣáájú rẹ̀ dé: bí mo bá sin ín síwájú ilé, Bùsàrí kò ní rí ilé náà tà. Èrò náà ló kọ́kọ́ dé. Ẹkún wá tẹ̀lé e.

Ó pa ẹnu dé. Ó gbé igi ṣọ́bìrì kúrò lọ́fun Bùsàrí, ó sì gòkè.

"Ìwé wà lọ́wọ́ ẹ," ó wí. "Tí ẹnu ẹ bá ti jinná, wá gba kọ́kọ́rọ́."

Ọkùnrin inú ọkọ̀ ló wọ́ Bùsàrí àti àwọn méjèèjì tó fara pa kúrò níbẹ̀. Fàúsátù fi gèlè di ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ayálégbé kan sì gbé Àṣírù lọ sí ọsibítù. Àwọn ọkùnrin inú ilé pààrọ̀ aṣọ Taofeek, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ Hameedah.

"Ẹ gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní Bádóre," ni Odùbánjọ wí.

Fàúsátù dúró, ọwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Ẹ ò bá wa lọ?"

"Bàbá kì í dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọmọ."

Nígbà tí géètì pa dé, ó kúnlẹ̀, ó ń wá ìka Àṣírù nínú yanrìn. Ó rí méjèèjì. Ó fi omi garawa wẹ̀ wọ́n mọ́, ó fi fìlà rẹ̀ wé wọn, ó sì tẹ́ wọn sínú ihò náà, nítorí àwọn nìkan ló kù fún un láti sin. Lẹ́yìn náà ló mú ṣọ́bìrì, ó ń da yanrìn bò wọ́n.