Ẹ́ńjìnnì Kejì

Nọ́ọ̀sì Slavka kò tíì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó fi gbé fóònù síwájú mi lórí tábìlì iṣẹ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n Jernej, ẹ bá mi wo èyí. Ẹ má tíì sọ pé kò dáa o."

Ìpolówó ọkọ̀ oníná ni, àlòkù ọdún mẹ́rin, ní ìlú Tolmin. Mo kà á dé ibi tí wọ́n kọ agbára rẹ̀ sí: motorja 210 kW. Ní èdè ilẹ̀ wa níhìn-ín, ohun méjì kì í ṣe ọ̀pọ̀. Ó ní ìparí ọ̀rọ̀ tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí ti ẹyọ kan, tó sì yàtọ̀ sí ti mẹ́ta sókè. Motor ni ẹ́ńjìnnì kan. Motorja ni ẹ́ńjìnnì méjì. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ pàápàá kì í ṣì í.

"Méjì ni," mo wí.

"Méjì ni!" Ó pàtẹ́wọ́. "Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín ni."

"Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Owó tí olùtajà pè é ti kéré jù."

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà ṣe. Ara kan náà, ìlẹ̀kùn kan náà, àga kan náà. Àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn àti bátìrì kékeré. Ìkejì ní ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó lágbára jù ú lọ, bátìrì rẹ̀ sì tóbi. Ẹ̀kẹta ló ní méjì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń tì í lọ. Ẹni tó dúró lẹ́bàá títì kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àfi nípa àmì kékeré tó wà nídìí ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ yẹn ló máa sọ bóyá Slavka á dé Zavrh nínú yìnyín tàbí kò ní dé.

Oko mẹ́ta péré ló wà ní Zavrh, lókè pátápátá. Níbẹ̀ ni Ìyá Neža ń gbé, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, tó ní egbò lẹ́sẹ̀. Slavka ló ń wẹ̀ ẹ́ fún un. Ní ọdún tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ Slavka yọ̀ wọ inú kòtò, ìyá náà sì dá wà pẹ̀lú egbò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwòsàn ti wá kìlọ̀ pé bó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, àwọn yóò gbé ìyá náà sọ̀ kalẹ̀ wá sí ilé àwọn arúgbó. Ìyá Neža sì ti fèsì pé òkú òun ni wọ́n máa gbé.

Slavka tẹ olùtajà láago lójú mi. Radovan Štular lorúkọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá, ṣé àwọn méjèèjì ṣì dáa?"

"Méjèèjì dáa gan-an. Ọ̀kan tiẹ̀ wà ńbẹ̀ tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ lò rí."

Slavka fọwọ́ bo fóònù. "Ó ní òun ò fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀kan!"

"Ó ṣeé ṣe," mo wí pẹ̀lú ìgbéraga, torí mo ti ka ìwé lórí ẹ̀. "Ti iwájú máa ń sùn ni. Lójú títì gbígbẹ, ti ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìgbà tí táyà bá yọ̀ ni ti iwájú ń jí."

Slavka padà sórí fóònù. "Zavrh ni mo fẹ́ máa fi gùn, ọ̀gá. Nínú yìnyín."

"Ẹ wá wò ó ní Sátidé," ni ọkùnrin náà wí.

Bó ṣe yẹ ọ̀rọ̀ yìnyín sílẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí a dé Tolmin ní Sátidé, Štular ti to sálúbàtà àlejò sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wọlé, kọfí ti wà lórí iná."

"Ọkọ̀ kì í mu kọfí, ọ̀gá," mo fèsì. "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí i."

Mo lọ sídìí rẹ̀. Wọ́n ti yọ àmì ibẹ̀. Ojú gọ́ọ̀mù nìkan ló kù, kò sì ṣeé kà.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ yọ ọ́?"

"Ìdọ̀tí ń há síbẹ̀."

Mo sọ sí Slavka létí. "Ẹni tó yọ orúkọ lára nǹkan, ó lóhun tó ń fi pamọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà! Bí wọ́n bá bu omi fún yín, ẹ máa ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ odò tí wọ́n ti pọn ọ́n."

Mo béèrè ìwé ọkọ̀. Níbi agbára, 70 ni wọ́n kọ. "Ọ̀gá, igba ó lé mẹ́wàá lẹ polówó. Àádọ́rin ni ìwé wí!"

"Èmi ò mọ̀ o. Bí wọ́n ṣe fún mi nìyẹn."

Mo fẹ́ẹ̀ pariwo olè kí n tó rántí. Ọ̀tọ̀ ni agbára tí ẹ́ńjìnnì oníná lè lò fún ìgbà díẹ̀, ọ̀tọ̀ ni èyí tó lè lò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìgbóná jù. Ti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìjọba ń kọ sínú ìwé. Bí ajá bá ń lé ọ, o lè sáré ju bó o ṣe ń rìn lọ sóko lọ. Ẹsẹ̀ kan náà ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Štular nínú ọkàn mi. Mi ò jẹ́ kó jáde lẹ́nu.

Mo wá ṣí ìdérí iwájú. Ibẹ̀ jẹ́ àyè ẹrù. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi wọlé dé èjìká kí n tó kan ìsàlẹ̀. Nínú ẹ̀yà kẹta, ibẹ̀ kò lè jìn tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì iwájú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo tan iná, mo sùn sílẹ̀, mo yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó yẹ kí irin gbọọrọ kan ti àárín wá sí táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, òun ló ń yí i. Kò sí irin kankan. Atẹ́gùn lásán ni mo rí.

Mo dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lẹ́yìn. "Ọ̀gá Štular, ẹ́ńjìnnì kejì dà?"

"Èwo ni kejì?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ motorja!"

"Moč motorja!" Òun náà gbóhùn sókè. "Agbára ẹ́ńjìnnì! Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo!"

Ó gbé ìpolówó náà jáde. Lóòótọ́, ó kọ moč, ìyẹn agbára. Ṣùgbọ́n ojú ewé ti gé e sókè, ó fi àwòrán sáàárín, ọ̀rọ̀ kejì sì dá wà nísàlẹ̀. Bí a ṣe ń kọ "ti ẹ́ńjìnnì" náà la ṣe ń kọ "ẹ́ńjìnnì méjì". Kò sí ẹ̀dá tí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀ wa tó lè ṣi irú rẹ̀ kà.

"Méjèèjì tẹ́ ẹ ní ó dáa ńkọ́?" mo bi í.

Ó wọlé, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ méjì jáde. Ọ̀kan ṣì wà nínú ọ̀rá. "Gbogbo ẹni tó ń ra ọkọ̀ ló máa ń béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì. Mo rò pé òun ni."

Slavka bú sẹ́rìn-ín, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ti iwájú ń sùn, àbí, ẹ̀gbọ́n? Oorun ẹ̀ mà pọ̀ o! Kò tiẹ̀ tíì wáyé!"

Lójijì, ẹ̀rín rẹ̀ dá. Ó kọjú sí Štular.

"Nígbà tí mo ní Zavrh, nínú yìnyín, kí lẹ rò?"

Ọkùnrin náà ń yí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Mo rò pé ẹ máa béèrè."

"Ẹ fura pé mo ti ṣì í."

"Mo fura."

"Ẹ fura, ẹ sì dákẹ́." Slavka tọ́ka sí ọkọ̀. "Ẹ wọ bàtà yín. Ẹ̀yin lẹ máa wà á gun òkè náà, báyìí."

Ó wà á. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, mo ń fetí sí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ mi. Yìnyín ti bo ìdajì òkè náà, síbẹ̀ ọkọ̀ gùn ún láìjanpata. Tí ọ̀nà bá ga, ẹ̀yìn ni ìwúwo máa ń sọ̀ sí, ẹ̀yìn náà sì ni táyà tó ń tì í wà. Ó ń jẹ ilẹ̀ dáadáa. A dé ọ̀dọ̀ Ìyá Neža. Slavka wẹ egbò rẹ̀, ó dì í, a yí padà.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí. Ní kọ́nà kejì, Štular gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, ìdí ọkọ̀ sì gbá lọ sápá ọ̀gbun. Ọkọ̀ náà fi ìdí gbún òkìtì yìnyín ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúró.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀," ni Slavka wí fún un, ó sì gba ìdarí ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, ẹ́ńjìnnì á di bíréèkì. Tó bá jẹ́ méjì, wọn á pín in. Tó bá jẹ́ kan, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń dì mú. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń dín bíréèkì ẹ́ńjìnnì yìí kù lójú ẹ̀rọ, mo dín in dé ìsàlẹ̀. "Bíréèkì ẹsẹ̀ ni kó o lò, Slavka. Ìyẹn ń mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rọra."

Ó rọra. Kọ́nà mọ́kànlá ló kù. Ìdí ọkọ̀ kò mì mọ́.

Nígbà tí a délẹ̀, ó yíjú sí Štular. "Ọkọ̀ yìí tó mi. Ẹ̀yin ni mi ò tíì mọ̀. Kí ni mo tún yẹ kí n béèrè?"

Ó tọ́ka sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ìdérí ibi tó ti ń gba iná máa ń dì nínú òtútù. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ dà sí i."

"Kí ló tún kù?"

"Ẹ̀yà kẹta nìkan ni wọ́n fún ní ẹ̀rọ amúlémóoru tó dáa. Tiyín, nínú òtútù, á jẹ tó ìdá kan nínú mẹ́ta bátìrì."

"Kí ló tún kù?"

"Kò sí mọ́."

Àwa méjèèjì wò ó títí. Slavka san owó ọkọ̀, ó gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì.

Ní ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá àárọ̀, ó pè mí. "Mo ti wà lókè, ẹ̀gbọ́n. Mo ti di ẹsẹ̀ ìyá. Wọ́n ní kí n mu tíì kí n tó máa lọ."

"Bátìrì ńkọ́?"

"Ó jẹ ju bó ṣe wí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì."

"Ó mọ̀," mo wí. "Ọkùnrin yẹn mọ̀."

"Ó lè má mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n mu tíì mi ná."